Gígùn Ọ̀pá àti Iye Ènìyàn: Àyẹ̀wò Àtẹ Ìkànìyàn Alímọ̀ṣọ́

Lámèyítọ́ tí ó bá rò pé ewì àti ìtàn nìkan ni ó yẹ fún àyẹ̀wò yóò fi ohun púpọ̀ sílẹ̀. Àtẹ oníṣirò ní èdè tirẹ̀, ó sì lè parọ́ láìyí nọ́mbà kankan padà.

Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ ìjọba àpapọ̀ ní ènìyàn 1,277,714 ni ó ń gbé Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó ṣe ìkà tirẹ̀, ní wọ́n jẹ́ 2,047,026. Bí iye àkọ́kọ́ bá jẹ́ mẹ́wàá, èkejì yóò jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Bí ayàwòrán bá fi ọ̀pá méjì gbé iye wọ̀nyí kalẹ̀, tí ìdí wọn sì wà lórí òdo, ojú yóò rí ohun tí nọ́mbà wí. Ṣùgbọ́n bí ó bá gé ẹsẹ̀ àtẹ náà, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí 1,000,000, ọ̀pá kejì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ìlọ́po mẹ́rin èkíní. Ẹni tí ó fẹ́ sọ pé ìjọba kan bù kún iye, tàbí pé èkejì yọ nínú rẹ̀, ti rí ohun ìjà.

Ní 1984, William Cleveland àti Robert McGill fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ojú máa ń fi gígùn wé gígùn dáradára ju bí ó ti ń fi ìfẹ̀ wé ìfẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú nìkan kọ́ ni ó ń ka àtẹ. Nínú àrokò, owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni fà sí ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè ka ẹyọ náà ní mẹ́fà láìṣì; kò ní í gbọ́ ọ̀rọ̀. Nítorí náà, ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé tí ó bá fi ìyára ojú nìkan dán àwọn òǹkàwé àtẹ wò kò tíì débi ọ̀rọ̀.

Ọ̀pá tí a fà dáradára pàápàá ń bo nǹkan. Láti 2003 ni Èkó ti pín Alímọ̀ṣọ́ sí mẹ́fà, Ìkọ̀tún-Ìgàndò sì wà lára wọn. Òfin ìpilẹ̀ 1999 kò mọ̀ ju Alímọ̀ṣọ́ kan ṣoṣo lọ. Ọ̀pá kan náà ni ó dúró fún gbogbo wọn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì sún ìkànìyàn 2023 síwájú, àtẹ 2006 yìí ni ó ṣẹ́kù. Ẹni tí ó fẹ́ fi í mọ iye ilé-ẹ̀kọ́ tí ó yẹ Ìgàndò, yàtọ̀ sí ti Ẹ̀gbẹ́dá, kò ní í rí nǹkan kan mú níbẹ̀.