Káàdì Ọdún Tí Kò Yọ Ẹnikẹ́ni Sílẹ̀

Iṣẹ́ ńlá ni láti ya káàdì ìkíni ọdún fún ilé-iṣẹ́ tí oníbàárà rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe. Kò gbọdọ̀ sí igi Kérésì níbẹ̀, kò gbọdọ̀ sí òṣùpá òun ìràwọ̀. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán a wá sá sínú àwọ̀ eérú, bí ẹni ń kọ lẹ́tà báńkì!

Èyí tó wù mí jù ni káàdì àkọ́kọ́ ti UNICEF, àjọ tó ń ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́, lọ́dún 1949. Jitka Samkova, ọmọ ọdún 7 láti Czechoslovakia, ló ya àwọn ọmọbìnrin tó ń jó yí òpó ká, láti fi dúpẹ́ ìrànwọ́ tí abúlé rẹ̀ rí gbà lọ́wọ́ àjọ náà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Kò síwèé, ojú dígí ló yà á sí. Ìdùnnú kún inú àwòrán náà, kò sì sí ààmì ẹ̀sìn kankan.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ayàwòrán yín lo àwọ̀ dáadáa.