Ọmọ Kan, Àgbà Mẹ́ta: Iyì Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Ìlépa Òbí nínú Aké ti Wọlé Ṣóyínká

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ òbí òde òní, òwe yìí ti di àwíjàre fún owó gọbọi tí wọ́n ń san ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni òwe náà fi wéra: ilé kíkọ́ àti ọmọ kíkọ́. Ẹni tó kọ́ ilé, ìta gbangba ló kọ́ ọ sí. Gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ ló ń rí i. Ẹni tó kọ́ ọmọ, inú ọmọ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, kì í sì í tètè hàn. Ohun tí òwe náà kò sọ ni orúkọ tí a ó pe òbí tó ń kọ́ ọmọ bí ẹni ń kọ́ ilé, tó jẹ́ pé ojú àwọn tó ń kọjá lọ ni ó ń wò kí ó tó yan ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò ti kàwé.

Ìwé Aké, tí Wọlé Ṣóyínká fi sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, tó jáde ní 1981, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì túmọ̀ sí èdè Yorùbá, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò láìpariwo. Egúngún, ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà àti ìjà àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lórí owó-orí ni òǹkàwé sábà máa ń rántí nínú ìwé náà. Síbẹ̀, ìbéèrè kan ń padà wá léraléra bí ọmọ náà ti ń dàgbà: ilé-ẹ̀kọ́ wo ni yóò lọ, ta ni yóò sì pinnu rẹ̀? Àríyànjiyàn àpilẹ̀kọ yìí ni pé Aké kò fi yíyan ilé-ẹ̀kọ́ hàn bí ìpinnu bàbá kan ṣoṣo. Awuyewuye láàárín àgbà mẹ́ta ni, lórí irú iyì tó yẹ ọmọ. Nínú awuyewuye náà ni a ti rí i pé iyì tí ọmọ fi orí ara rẹ̀ gbà yàtọ̀ sí èyí tí òbí rà fún un. Ìyàtọ̀ yìí ló yẹ kí a fi ka ìwé náà lónìí, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ti gba ipò tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba wà nígbà náà lọ́kàn àwọn òbí.

Bàbá: ilé-ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí ogún

Essay ni Ṣóyínká pe bàbá rẹ̀, láti ara lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, S. A. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Peter's ní Aké ni, ẹni tó fẹ́ràn ìwé, òdòdó àti iyàn jíjà. Government College, Ìbàdàn, tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní 1929, ni ojú rẹ̀ wà fún ọmọ náà. Kì í ṣe pé kò sí ilé-ẹ̀kọ́ girama mìíràn. CMS Grammar School ti wà ní Èkó láti 1859, Abẹ́òkúta Grammar School sì ti wà nítòsí láti 1908. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, bí irú King's College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1909, ní iyì tirẹ̀. Ọmọ díẹ̀ ni wọ́n ń mú, ìdánwò ni wọ́n sì fi ń ṣẹ́ wọn.

Ibi tí ìlépa Essay ti jinlẹ̀ jù ni ìgbà tí àìsàn dá a wólẹ̀, tó sì ń múra sílẹ̀ bí ẹni tí ikú ti dé bá. Ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló bá ọmọ rẹ̀ sọ: kí ó má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun dí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó sì rí i pé òun gba sìkọ́láṣíìpù. Ó yẹ kí a fara balẹ̀ wo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Lásìkò tí bàbá Yorùbá máa ń pín ilẹ̀ àti oko, ilé-ẹ̀kọ́ ni Essay pín. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ogún tó ti wà nílẹ̀. Ọmọ ni yóò lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un wá. Ilé Essay kún fún ọmọ tirẹ̀ àti ọmọ ọlọ́mọ, owó-oṣù olùkọ́ kì í sì í ṣe owó olówó. Nítorí náà, bí ọmọ kò bá yege, ìfẹ́ ọkàn bàbá kò lè di òtítọ́. Ẹrù ńlá ni èyí lórí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tó dára nínú: bí iyì bá dé, ọmọ ló ni ín.

Bàbá àgbà: kí ni ọmọ yóò fi dúró?

Àgbà kejì ni bàbá àgbà ní Ìsarà. Nígbà tó gbọ́ ìpinnu Essay, kò sọ pé kí ọmọ má lọ. Ohun tó dùn ún ni ìkánjú tó wà nínú rẹ̀: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 ni wọ́n fẹ́ kó sáàárín àwọn tó ti ń di ọkùnrin. Ó mú kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí ọrùn-ọwọ́ àti ọrùn-ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó sì jẹ́ kó yé e pé ayé kò mọ sí inú ìwé àti inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan.

Ó rọrùn láti ka ìṣẹ̀lẹ̀ yìí bí ìjà láàárín àṣà àtijọ́ àti ọ̀làjú, ṣùgbọ́n kíkà bẹ́ẹ̀ kò kúnjú òṣùwọ̀n. Bàbá àgbà àti Essay kò yàtọ̀ lórí bóyá kí ọmọ lọ síwájú. Orí ohun tí yóò mú dání lọ ni wọ́n ti yàtọ̀. Lójú Essay, ọpọlọ tó já fáfá ti tó. Lójú bàbá àgbà, ẹni tí a rán lọ sójú ìjà ni ọmọ, ara rẹ̀ sì nílò ìmúrasílẹ̀. Ìtàn náà fúnra rẹ̀ sì gbè é lẹ́yìn, nítorí nígbà tí ọmọ náà dé Ìbàdàn fún ìdánwò, àwọn tó dàgbà jù ú lọ ni ó bá níbẹ̀. Nínú àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ni ó ronú nípa ara ọmọ àti ẹ̀rù tó lè bà á. Iyì ilé-ẹ̀kọ́ náà kò jọ ọ́ lójú. Bí ọmọ yóò ṣe padà wálé láàyè ni ó jẹ ẹ́ lógún.

Daodu: kí ni ilé-ẹ̀kọ́ yóò gbà lọ́wọ́ ọmọ?

Àgbà kẹta ni Daodu, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School láti 1932 títí di 1954, tó sì tún jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà. Àtakò tirẹ̀ ti ìṣèlú ni. Lójú rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn òyìnbó ń darí máa ń kọ́ ọmọ dúdú ní ìtẹríba tó jọ ti ẹrú. Pípe olùkọ́ ní “sà” ní gbogbo ìgbà, tí àwọn kan kà sí ọmọlúàbí, ni òun kà sí ọ̀nà tí wọ́n fi ń gba ìwà akin kúrò lára ọmọ. Ìbéèrè tí òbí máa ń bi ilé-ẹ̀kọ́ ni ohun tí yóò fún ọmọ. Ìbéèrè Daodu ni ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òǹkàwé lè sọ pé ẹni tó ń polówó ọjà tirẹ̀ ni Daodu, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ náà ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó tún lè sọ pé òun náà kì í fi ẹgba ṣeré. Òtítọ́ ni méjèèjì, ìwé náà kò sì fi wọ́n pamọ́. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà tí Ṣóyínká fi hàn dáadáa: lọ́dọ̀ Daodu, ọmọ tó ṣẹ̀ ní àǹfààní láti ro ẹjọ́ rẹ̀, àròjinlẹ̀ tó múná sì lè gbà á lọ́wọ́ ẹgba. Ìbáwí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gba ẹnu lọ́wọ́ ọmọ. Nínú ìwé kan náà ni ọmọdé yìí ti ń ran àwọn obìnrin lọ́wọ́ láti mọ ìwé kà nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ń gbérasọ lábẹ́ ìdarí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ń padà sí àárín ìlú kí ó tó di ohun àmúyangàn fún ẹnikẹ́ni.

Ohùn ọmọ, àti àwọn tí kò ní ohùn

Essay ni ó borí. Ọmọ ọdún 11 ni Ṣóyínká nígbà tó wọ Government College ní 1946. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò parí pẹ̀lú ayọ̀ ìṣẹ́gun. Ọmọ náà ń ronú lórí àwọn òfin tó gbọ́ nípa ibi tó ń lọ, bí irú èyí tó kan àpò ṣòkòtò àti bàtà wíwọ̀, ó sì rí i pé ayé àgbàlagbà tí kò ṣe é lóye ni òun tún ń wọ̀. Iyì tí àwọn àgbà ń bá ara wọn jiyàn lé lórí ti di ọ̀rọ̀ ṣòkòtò àti bàtà lójú ẹni tí yóò gbé e wọ̀. Ibí ni ìmọ̀ọ́kọ òǹkọ̀wé ti hàn jù, nítorí kò jẹ́ kí àgbà kankan ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Àléébù kan wà tí lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ gbójú fò. Ẹni tó yege ló kọ ìtàn yìí. Àwọn ọmọ tó ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ tí wọn kò mú wọn, tí ìrètí bàbá wọn sì já sí òfo, kò ní Aké tiwọn. Bákan náà, Tinú, ẹ̀gbọ́n òǹkọ̀wé, ẹni tí ọmọ náà tẹ̀lé dé kíláàsì kí ọjọ́ orí rẹ̀ tó tó, kò ní irú awuyewuye yìí lórí nínú ìwé náà. Ìlépa òbí ní ọmọ tó ń yàn, ó sì máa ń yan ọkùnrin ju obìnrin lọ. Bí ìdánwò tilẹ̀ sàn ju owó lọ, òun náà kì í ṣe asẹ́ tí kò ní ojúsàájú.

Láti orí ìdánwò dé orí owó

Kí ló wá so Government College ti 1946 pọ̀ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ti òde òní? Ìtàn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ló so wọ́n pọ̀. Ní 1955, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ìlẹ̀kùn ṣí fún ọmọ tálákà, èrè ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ènìyàn bá ti ní kì í fi ẹnikẹ́ni hàn bí ẹni ọ̀tọ̀ mọ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ti ń kún, tí owó ìtọ́jú rẹ̀ kò sì tó mọ́, ni àwọn tó lágbára ń wá ibòmíràn. Ní 1980, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbìyànjú láti fòpin sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Anthony Olúbùnmi Okogie àti àwọn mìíràn pe ìjọba lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fi òfin orílẹ̀-èdè ti 1979 gbe ẹ̀tọ́ àwọn aládàáni lẹ́yìn. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ wọn ti rinlẹ̀.

Ohun tó yí padà ni asẹ́. Níbi tí ìdánwò ti ń ṣẹ́ àwọn ọmọ tẹ́lẹ̀, iye owó ni ó kọ́kọ́ ń ṣẹ́ àwọn òbí báyìí. Essay kò lè ra ipò fún ọmọ rẹ̀. Òbí òde òní lè rà á kí ọmọ tó mọ ABD. Nígbà tó sì jẹ́ òbí ló rà á, òbí ni ó ni iyì náà: òun ni wọ́n ń bi níbi ìnáwó pé ilé-ẹ̀kọ́ wo ni àwọn ọmọ wà, òun náà ni orúkọ tó dá wọn lóhùn sì ń gbé ga. Ọmọ wá di ilé tí a kọ́ sójú títì.

Ìbéèrè Daodu kò sì tíì kúrò nílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ olówó ńlá, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ni èdè rẹ̀. Wọ́n ń fi ìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Ó sì ti pẹ́ tí iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rí náà kò yí ìpinnu àwọn òbí padà, nítorí kì í ṣe ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n ń rà. Ohùn ọmọ tó dà bí ti òyìnbó ń dún dé etí aládùúgbò. Ìrònú rẹ̀ kì í dún.

Kò yẹ kí a fi òbí ṣẹlẹ́yà lórí èyí. Ẹni tó rí kíláàsì tí ọmọ kún àkúnfaya, tí olùkọ́ rẹ̀ sì ń yan iṣẹ́ lódì, kò ṣẹ̀ bó bá wá ibi tó sàn fún ọmọ rẹ̀. Essay pàápàá ń lépa iyì, ìlépa rẹ̀ sì so èso. Ẹ̀kọ́ Aké ni pé ìlépa rẹ̀ kò dá wà. Ìsarà wà níbẹ̀ láti béèrè ohun tí ọmọ yóò fi dúró, Daodu sì wà níbẹ̀ láti béèrè ohun tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òbí tó ń dá yan ilé-ẹ̀kọ́ lónìí, pẹ̀lú ìwé ìpolówó lọ́wọ́ kan àti ojú aládùúgbò lẹ́yìn rẹ̀, kò ní àgbà méjì yìí nítòsí. Ó lè rí owó náà san pé pérépéré, kí ilé tó kọ́ sì dúró, síbẹ̀ kí ó má tíì kọ́ ọmọ.