Agbanipa Nínú Ìtàn Aròsọ Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìwó, ìlú olódídẹrẹ́, irú ẹni tí agbanipa jẹ́ nínú ìtàn aròsọ, "ìkà ni" ni yóò máa tún wí. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971), Ọládẹ̀jọ Òkédìjí jẹ́ kí á mọ Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́, tinú-tẹ̀yìn: àwàdà rẹ̀, ìbínú rẹ̀, ọgbọ́n rẹ̀. Kọ́lá Akínlàdé ní tirẹ̀ fi ìbéèrè sọ ìwé lórúkọ: Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? Ìtàn tí a gbé ka irú ìbéèrè yìí gbọ́dọ̀ fi apànìyàn pamọ́ títí dé ìparí. A kò lè bá a jẹun, a kò lè bá a dé ibi ìsọmọlórúkọ.

Bẹ́ẹ̀, kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Lójú tiwa, ìwé tí ó bá fi agbanipa hàn bí aládùúgbò tí ń san owó ilé, tí ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, yóò bani lẹ́rù ju ìró ìbọn lọ. Àwọn kan lè wí pé yóò mú ọmọdé káàánú ọ̀daràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yóò kọ́ ọ láti wádìí bí ọmọlúàbí ṣe ń di apani. Ìdáhùn sí èyí ni ó yẹ kí olùdánwò máa fún ní máàkì.