Ọwọ́ Tó Ń Wọn Omi Ọyàn

Béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ jòjòló ní Àgọ́ Palace bóyá ọmú nìkan ni ọmọ ń mu. Á ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmú nìkan. Ṣùgbọ́n ooru Èkó ò dẹwọ́, ìyá àgbà sì wà nílé pẹ̀lú àgbo àti ṣíbí omi. Ta ni yóò mọ iye tó ti wọlé? Àwọn olùwádìí kan wà tí wọ́n lè mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì wù mí púpọ̀.

Deuterium ni wọ́n ń lò. Nínú háídrójìn inú omi tí à ń mu, ẹyọ kan nínú nǹkan bí 6,400 ló jẹ́ deuterium. Ìwọ̀n rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù, kò sì ní ìtànṣán olóró kankan. Harold Urey ló ṣàwárí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1931. Ní 1982, Coward àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge fi hàn pé a lè fi wọn ọmú: kí ìyá mu omi wíwúwo, ìyẹn omi tí háídrójìn rẹ̀ jẹ́ deuterium, kí a wá deuterium náà nínú itọ́ ọmọ.

Gíráàmù 30 omi wíwúwo náà péré ni ìyá ń mu. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, títí dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Bí ìyá bá mu ún tán, wọ́n á tún bu omi lásán sínú ìgò yẹn, wọ́n á ṣàn án, á tún mu ún, torí ohun tó bá ṣẹ́ kù sínú ìgò á ba ìṣirò jẹ́. Ó wá kan itọ́. Ọwọ́ líle ò lè gba itọ́ ọmọ oṣù mẹ́ta. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti fi ọmú sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15, kí omi ọyàn má bàa dà pọ̀ mọ́ ọn. Òwú á rọra yí lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí á fi rin, wọ́n á kì í sínú sírínjì, wọ́n á fún un. Kíá ni wọ́n ń dé ìgò rẹ̀ pa, torí omi inú afẹ́fẹ́ lè wọ inú itọ́ náà kó sì yí iye rẹ̀ padà. Láàárín ọjọ́ 14, léraléra ni wọ́n ń gba itọ́ lẹ́nu ìyá àti ọmọ.

Ní Yunifásítì Cheikh Anta Diop ní Dakar, ẹ̀rọ tó ń tan ìtànṣán infrared sí itọ́ ló ń ka iye deuterium. Ti ìyá á máa lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ti ọmọ á kọ́kọ́ gòkè, kó tó tẹ̀ lé ti ìyá. Láti ara méjèèjì ni wọ́n ti ń ṣírò iye ọmú tí ọmọ mu. Omi tó gba ọ̀nà mìíràn wọlé náà á hàn, torí omi ìyá àgbà kò gbé àfikún deuterium kankan dání.

Nígbà tí wọ́n fi ọ̀nà yìí yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wò ní Kamẹrúùnù, àwọn tó ní ọmú nìkan ni pọ̀ ju àwọn tí itọ́ jẹ́rìí sí lọ. Mi ò ka ìyẹn sí irọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá kì í ka ṣíbí omi sí nǹkan, ẹni tó gbé ṣíbí sì lè máà jẹ́ ìyá rárá. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó kàn jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ òun ò tíì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó ń bá ìyá gbé ọmọ náà.