Babaláwo Inú Sinimá: Ta Ló Kọ́ Wọn Ní Ifá?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ìtúmọ̀ odù, ọ̀rọ̀ sinimá ni. Àwọn kan lè bi mí pé kí ni ti Ifá nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n. Ó pọ̀ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa lóde òní, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn, ìbáà ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, inú sinimá ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ojú kan ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ náà ni wọ́n á gbà pé Ifá jẹ́, àgbà awo tó bá sì fẹ́ tún un ṣe lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ńlá ló bá pàdé.

Láti ọdún 2022 ni àwọn sinimá aláṣọ-ńlá ti ń tẹ̀lé ara wọn lórí Netflix. Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe, àti Ẹlẹ́ṣin Ọba tí Olóògbé Bíyì Bándélé ṣe, ọdún 2022 ni àwọn méjèèjì jáde. Jagun Jagun tẹ̀lé wọn ní 2023, House of Ga'a tí Bọ́láńlé Austen-Peters ṣe sì dé ní 2024. Owó wọ inú àwọn eré yìí, ojú sì rí i. Èmi tí mo mọ ayé fídíò àtijọ́, tí wọ́n á ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì mọ́ ògiri pálọ̀ tí wọ́n á ní ààfin ọba nìyẹn, mo mọ ohun tí mo ń sọ. Lónìí, wọ́n ń kọ́ odidi abúlé, wọ́n ń wá ẹṣin, wọ́n ń wá ahunṣọ tó mọ òfì í hun. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀sùn mi kò ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo ohun tó wà nínú eré ni wọ́n wádìí, àfi babaláwo. Bó ti wà nínú fídíò àtijọ́ náà ló ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ eré. Á jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú aṣọ pupa, á ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ranjú mọ́ ilẹ̀ bí ẹni ń wo dígí, á wá ní, "Mo rí ọ̀tá kan nínú ilé rẹ." Ó parí. Kò dárúkọ odù, kò ki ẹsẹ kan, kò fi ìbò béèrè ire tàbí ibi. Èyí tí mo ń wò yìí, ṣé babaláwo ni àbí aríran? N kò ní í ka ẹ̀sùn yìí sí sinimá kan pàtó lọ́rùn, nítorí ó ti di àṣà láàárín gbogbo wọn. Ẹni tó ń ṣe oògùn, ẹni tó ń ríran àti ẹni tó kọ́ Ifá, ẹ̀wù kan náà ni wọ́n ń wọ̀ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe rí gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹni tó wá dá Ifá kì í sábà sọ tẹnu ẹ̀ fún awo. Owó ló máa ń sọ ọ́ sí jẹ́jẹ́, á gbé e kalẹ̀. Awo á gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó ní ìdajì èso mẹ́jọ, tàbí kó pa ikin mẹ́rìndínlógún: bí ikin méjì bá ṣẹ́kù sọ́wọ́, á tẹ ojú kan sí ìyẹ̀rosùn, bó bá ku ẹyọ kan, á tẹ méjì. Ọ̀kan nínú igba odù ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló máa yọ. Awo á bẹ̀rẹ̀ sí ki ẹsẹ odù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó wá á máa gbọ́, títí yóò fi gbọ́ èyí tó bá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mu. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo bí eré ti pọ̀ tó nínú ìyẹn! Ẹni tó mọ ìbéèrè kò mọ ìdáhùn. Ẹni tí ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀ kò mọ ìbéèrè. Ká gbé kámẹ́rà sí ojú obìnrin kan tó ń gbọ́ ẹsẹ kìíní tí kò kàn án, ìkejì tí kò kàn án, kí ẹ̀kẹta wá bá a nínú, kí ojú rẹ̀ yí padà, kó má sì tíì sọ̀rọ̀. Èwo ló dùn wò jù nínú ìyẹn àti kí ọkùnrin kan máa pariwo pé òun rí ọ̀tá? Àwọn olùdarí lè sọ pé yóò falẹ̀. Kò ní í falẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi ń wo ẹṣin tó ń sáré?

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò ṣeé ṣe, kó lọ wo Saworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní ọdún 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀. Owó ibẹ̀ kò tó ti òde òní rárá. Àmọ́ ìlú Jogbo ní májẹ̀mú: adé idẹ àti ìlù saworoidẹ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọba sì gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́ kó tó jókòó. Lápité kọ̀ ọ́, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tó bá gbà á kò ní í lè jẹ ìlú run. Gbogbo eré náà ń jáde láti inú kíkọ̀ yìí. Peter Fátómilọ́lá ni Amáwomárò, orúkọ yẹn nìkan sì ti tó ẹ̀kọ́. Awo inú Saworoidẹ kì í sọ ọjọ́ iwájú fún wa kí ìtàn lè yára. Ohun tí ìlú bá ara rẹ̀ dá ló ń ṣọ́, ó sì mọ ìgbà tí wọ́n ń dákẹ́. Adébáyọ̀ Fálétí tó ṣe Ọ̀pálábá ń fi ẹ̀fẹ̀ sọ ìyókù. N kò tíì rí sinimá mìíràn tó gbé àṣẹ àwọn baba wa kalẹ̀ bí òfin ìlú bẹ́ẹ̀, tí kò gbé e kalẹ̀ bí idán.

Ní ti Aníkúlápó, èrò mi pín sí méjì. Ṣàró ahunṣọ dé Ọ̀yọ́, ó bá Olorì Arólakẹ́ lò pọ̀, wọ́n lù ú pa, wọ́n gbé e jù sínú igbó, ẹyẹ àkàlà wá jí i dìde. Àdó tó ń jí òkú bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì sá lọ sí ìlú mìíràn. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa bínú pé wọ́n fi àkàlà ṣeré. Èmi kò bínú. Àgbà ló ní bí a kò bá rí igún a kò gbọdọ̀ ṣẹbọ, bí a kò bá rí àkàlà a kò gbọdọ̀ ṣorò. Ẹyẹ tó mọ ibi tí òkú sùn sí, bí aṣeré bá ní ó lè jí i, ó ti mọ ẹyẹ tó ń pè. Kúnlé Rẹ̀mí náà ṣe Ṣàró dáadáa: ọmọkùnrin tó rẹwà, tí kò ronú ju ọjọ́ òní lọ.

Ibi tó ti dùn mí ni pé agbára yẹn kò ní iye tí wọ́n san. Kò rúbọ kó tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Àìmoore ló pa Ṣàró, torí obìnrin tó bá a jìyà ló fi ìyàwó tuntun san án fún, obìnrin náà ló sì gba agbára kúrò níbẹ̀. Ìyẹn dára, ìtàn tó mọ́yán lórí ni. Ṣùgbọ́n gbèsè tó wà láàárín ayé àti ọ̀run ńkọ́? Ikú tí wọ́n gba ẹran lẹ́nu rẹ̀, ṣé ó kàn lọ sùn ni? Ìgbà tí apá kejì dé gẹ́gẹ́ bí eré aláìmọye ìpín ní oṣù kẹta ọdún 2024 ni wọ́n tó béèrè, tí wọ́n rán Ṣàró padà pé kó lọ dá ẹ̀mí tó jí padà. Ó yẹ kí ìbéèrè yẹn ti wà nínú ti àkọ́kọ́. Òun ni ìbéèrè tí awo ì bá kọ́kọ́ bi í.

Ẹlẹ́ṣin Ọba kò ní kí n pẹ́ lórí rẹ̀. Inú eré tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1975 ló ti wá, Dúró Ládiípọ̀ sì ti fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ṣe Ọba Wàjà ní 1964. Èdè Yorùbá inú rẹ̀ kún fọ́fọ́, Ọdúnladé Adékọ́lá tí a mọ̀ sí aláwàdà sì jẹ́ kí ẹnu yà mí. Ibi tí ìlù ti ń fa Ẹlẹ́ṣin lọ ni mo ní wọ́n sáré jù.

Ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹrù lé àwọn onísinimá lórí o. Àwa náà ní tiwa. Bí wọ́n bá wá béèrè, àwọn kan nínú wa á ní awo ni, a kì í sọ. Àwọn mìíràn á gba owó wọn, wọ́n á ní kí wọ́n máa ṣe é bó bá ṣe wù wọ́n. Kí ló tún jẹ́ awo nínú ẹsẹ Ifá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti tẹ̀ sínú Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá láti ọdún 1968? Àjọ UNESCO kéde Ifá ní 2005 pé ogún gbogbo ayé ni. Olóyè Yẹmí Ẹlẹ́buìbọn ará Òṣogbo tilẹ̀ ti gbé ìtàn Ifá sórí tẹlifíṣọ̀n nínú Ifá Olókun Asọ̀rọ̀dayọ̀, nígbà tí kò tíì sí Netflix níbì kankan. Ohun tí a lè fi hàn kò ṣòro mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí a kò lè fi hàn. Kí ìgbìmọ̀ wa yan awo méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa ka ìwé eré kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí yà á, kí wọ́n sì sọ iye tí wọ́n ń gbà ní gbangba.

Ohun kékeré kan ló kù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ àwòrán fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Bí òṣèré bá ti pe "babaláwo," oníṣègùn ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ ní èdè Òyìnbó, nígbà mìíràn wọ́n á kọ ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n kọ babaláwo bó ti wà. Àwọn ará Kúbà àti Bràsíìlì tó ń wò ó mọ ẹni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.