Ta Ni Àgùdà? Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Ìwádìí Orírun Àwọn Ìdílé Àjàṣẹ́

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ mọ orírun àwọn ìdílé tí wọ́n ń jẹ́ da Silva tàbí Paraïso ní Àjàṣẹ́, ìwé Pierre Verger, Flux et reflux (1968), ni a sábà máa ń ní kí ó kọ́kọ́ kà. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Verger tọpa òwò ẹrú láàrin Bahia àti etíkun wa láti ọ̀rúndún 17 títí dé 19, ó sì ya orí kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó padà wá. N kò bá ìwé náà jà. Àríwísí mi dá lórí bí àwa onímọ̀ èdè ṣe ń lò ó: a ń ka orúkọ ìdílé bí ẹni pé ìwé ìrìnnà ni.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Bahia, ilé olówó ẹrú ni wọ́n máa ń wò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gba òmìnira ló ń jẹ́ orúkọ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Níhìn-ín, orúkọ náà tún tàn kálẹ̀ sí i. Milton Guran fi hàn nínú ìwé rẹ̀, Agudás, pé oríṣi ìran mẹ́ta ló wà láàrin àwọn Àgùdà Benin: ìran àwọn oníṣòwò tó ti Brazil wá, ìran àwọn tó gba òmìnira tí wọ́n sì padà, àti ìran àwọn tó jẹ́ ẹrú nínú ilé wọn níhìn-ín. Ẹni mẹ́ta lè máa jẹ́ orúkọ Pọtogí kan náà, kí babańlá ọ̀kan má sì wọ ọkọ̀ òkun rí.

Ọ̀rọ̀ "Àgùdà" gan-an tún ń ṣì wá lọ́nà. Létí ọ̀pọ̀ Yorùbá Nàìjíríà lónìí, ìjọ Kátólíìkì ni. Ní Àjàṣẹ́, Mùsùlùmí ń jẹ́ Àgùdà: ẹ wo ìdílé Paraïso, ẹ wo Mọ́ṣáláṣí Ńlá tí iwájú rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Àwọn Mùsùlùmí ló ṣáájú ọ̀tẹ̀ 1835 ní Bahia; "malê" tí wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀ kò jìnnà sí "ìmàle" tiwa. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ náà, ìjọba lé àwọn kan, àwọn mìíràn sì fúnra wọn kúrò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tú "Àgùdà" sí "catholique" nínú ọ̀rọ̀ tó gbà sílẹ̀ lẹ́nu àgbà ti yọ gbogbo wọn kúrò nínú ìtàn.

"Nagô" inú àkọsílẹ̀ Bahia kò sàn jù: ó kó Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà àti Kétu sínú àpò kan. Oríkì orílẹ̀ lè tú àpò náà, ṣùgbọ́n ẹni tí a gbà sínú ilé lè gba oríkì ilé náà pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti orí ìwé nìkan. Bí a bá kọ ọ́ pé babańlá ìdílé kan kò dé Brazil rí, ohun tí àdúgbò máa gbọ́ ni pé ẹrú ni wọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ̀ wá pé kí a ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀ nínú ìwé ìwádìí wa: orúkọ tí ìdílé ń jẹ́, ohun tí wọ́n ń pe ara wọn, àti ìlú tí oríkì wọn dárúkọ. Kí a má fi ọ̀kan dáhùn fún èkejì. Bí àgbà bá sì dákẹ́, kí a kọ ọ́ pé ó dákẹ́.