Èédú Pàǹtí Oko àti Omi Aró: Àyẹ̀wò Ìdánwò Kan tí ó ti di Àṣà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò ni ẹ̀rí tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé èédú tí a sun láti ara ṣùkù àgbàdo tàbí èèpo àgbọn, níbi tí afẹ́fẹ́ kò pọ̀, lè fọ omi aró mọ́. A fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rí náà tó kí a tó fi gba aláró nímọ̀ràn ní Festac Town, tí ìjọba kọ́ fún àjọ̀dún FESTAC ti 1977, àti ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin lápapọ̀, níbi tí ilẹ̀ rẹlẹ̀, tí omi gọ́tà sì ń wá ọ̀nà ọ̀sà. A kò jiyàn pé èédú ń fa àwọ̀ mọ́ra. Àwọ̀ wo, nínú omi wo?

Nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò bẹ́ẹ̀, methylene blue ni wọ́n ń pò mọ́ omi mímọ́. Iná alámì + ni methylene blue ní. Ojú èédú a sì máa ní iná alámì − bí omi bá le bíi ti sódà. Dandan ni kí wọ́n fa ara wọn.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ń fi methylene blue ṣe àdìrẹ? Lọ́dọ̀ àwọn aláró Abẹ́òkúta, tí ọjà wọn ní Ìtòkú lókìkí, aró, kọ́sítíìkì àti háídírọ́ọ̀sì ni a ó bá nínú ìkòkò. (Kí kọ́sítíìkì tó dé, omi eérú ni àwọn ìyá wa ń sẹ́ fún èlú, agbára kan náà ni wọ́n ń wá.) Aró tí ó yọ́ nínú irú omi bẹ́ẹ̀ ní iná alámì −, bíi ti ojú èédú gan-an, wọn yóò máa ti ara wọn ni. Bí atẹ́gùn bá sì fẹ́ sí i, aró náà kò yọ́ nínú omi mọ́. Ó di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Atẹ́gùn àti sùúrù ni ó ṣe iṣẹ́ yìí, kì í ṣe èédú. Láfún tí wọ́n fi ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ náà ń bẹ nínú omi ìdànù, ó sì lè dí ihò ara èédú.

Lójú tiwa, èyí tí ó burú jù ni pé omi lè dá ṣáká lójú kí kọ́sítíìkì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú èédú pàǹtí oko ní agbára sódà tirẹ̀ pẹ̀lú. Àwọ̀ tí èédú fà kò sì kú, ibùgbé ni ó pààrọ̀. Ibo ni a ó da èédú náà sí?

Kí olùwádìí tí ń bọ̀ bu omi nínú ìkòkò aláró, kí ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó tòrò, kí ó wọn kọ́sítíìkì àti àwọ̀ tí ó ṣẹ́ kù, kí ó tó mú èédú jáde rárá.